Bí Bàbá Mi Ṣe Lọ Wo Kọ́là ní Sinimá

Télọ̀ ni bàbá mi. Ẹ̀gbẹ́ títì ní Hanoukopé, àdúgbò kan ní Lomé, ni ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà, lójú ọ̀nà tí àwọn òṣìṣẹ́ rélùwéè ń gbà lọ síbi iṣẹ́. Ẹ̀rọ ìránṣọ mẹ́ta ló wà níbẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ló sì ń lo èyí tó sún mọ́ ẹnu ọ̀nà jù, nítorí pé kò fẹ́ kí ohunkóhun ṣẹlẹ̀ ní títì kí ó má ṣojú òun. Ọ̀yọ́ ni bàbá rẹ̀ ti wá sí Lomé, láyé ìgbà tí àwọn Jámánì ṣì ń jọba. Nígbà tí mò ń sọ yìí, àwọn Faransé ló wà lórí oyè, èmi sì wà ní kíláàsì tí wọ́n ti ń ṣe ìdánwò sẹ́tífíkà ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Kò sí ẹni tó gbọ́ Faransé tó mi nínú agbo ilé wa, n kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbàgbé.

Bàbá mi kò fẹ́ràn sinimá. Kò wò ó rí, ṣùgbọ́n kò fẹ́ràn rẹ̀. Ó ní ilé tó jẹ́ pé àfi kí wọ́n pa iná kí wọ́n tó lè ṣe ohun tí wọ́n fẹ́ ṣe níbẹ̀, ohun rere kan kò lè máa ṣẹlẹ̀ nínú rẹ̀. Àwa ọmọ rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ dé ibẹ̀. A ò kúkú dé ibẹ̀. Ẹnu àwọn ẹlẹgbẹ́ mi nílé ìwé ni mo ti ń gbọ́ gbogbo rẹ̀.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Àtìní kan, akọ̀wé kan tó ń ṣiṣẹ́ ní ibùdó ọkọ̀ ojú irin wọ ṣọ́ọ̀bù. Ọ̀dọ́mọkùnrin jẹ́jẹ́ ni, ọmọ Lomé gan-an, tó máa ń rán ṣòkòtò funfun lọ́dọ̀ bàbá mi. Èdè Mínà ni wọ́n jọ ń sọ. Ó kí bàbá mi tán, ó ní:

"Papá, jákẹ́ẹ̀tì kan ni mo fẹ́ kí ẹ rán fún mi. Ti ọ̀gá àwọn ọmọ ìta."

"Ọmọ ìta wo?"

"Ti inú sinimá tí wọ́n ń fi hàn báyìí. Kúkurú ni, ìbàdí ló mọ. Síìpù ló wà níwájú rẹ̀, kọ́là rẹ̀ sì nà sókè báyìí." Ó gbé ọwọ́ méjèèjì sọ́rùn, ó na àgbọ̀n síta, ó sì fojú burúkú wo bàbá mi bí ẹni tó fẹ́ gba nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló rántí ibi tó wà, ó sì bẹ̀bẹ̀.

"Àwọ̀ wo ni?" ni bàbá mi bi í.

"Dúdú ni, Papá."

Kí oòrùn tó wọ̀, ẹlòmíràn ti dé tó fẹ́ jákẹ́ẹ̀tì kan náà, ṣùgbọ́n ó ní pupa ni. Lọ́jọ́ kejì, àwọn méjì tún dé. Ọ̀kan ní àpò mẹ́rin ló wà lára rẹ̀, èkejì ní kò sí àpò kankan, pé inú ṣòkòtò ni ọ̀gá náà ń ki ọwọ́ bọ̀. Ní Àlàmísì, àwọn méjì fẹ́rẹ̀ẹ́ wọ̀yá ìjà níwájú ẹ̀rọ bàbá mi lórí bóyá pupa ni àbí àwọ̀ kọfí. Àwọn méjèèjì ń búra pé ojú àwọn làwọn fi rí i.

Mo wà níbẹ̀, mo ń já òwú kúrò lára aṣọ. Mo gbọ́ nílé ìwé pé sinimá náà kò ní àwọ̀ kankan ju dúdú àti funfun lọ. Mo sọ bẹ́ẹ̀. Àwọn méjèèjì wò mí bí ẹni pé mo bú ìyá wọn. Ọ̀kan nínú wọn ní, "Bẹ́ẹ̀ ni o, ṣùgbọ́n dúdú tó wà níbẹ̀ yẹn, dúdú tó pupa ni."

Nígbà tí wọ́n lọ tán, bàbá mi bọ́ awò ojú rẹ̀, ó fi etí aṣọ nù ún. Ó ní, "N kò lè fi ẹnu ènìyàn mẹ́fà gé aṣọ kan. Mo ní láti fojú ara mi rí i."

Bí a ṣe délé ló sọ fún ìyá mi. Ìyá mi ń ta aṣọ ní ọjà ńlá, kì í pariwo, ṣùgbọ́n ó mọ bí wọ́n ṣe ń gbé ọ̀rọ̀ kalẹ̀.

Ó ní, "Ṣé ẹ̀yin náà lẹ fẹ́ lọ sí sinimá, Bàbá àwọn ọmọ mi?"

"Kì í ṣe sinimá ni mo fẹ́ lọ wò. Aṣọ ni."

"Aṣọ tó wà lára ọmọ ìta."

"Aṣọ kò mọ ẹni tó wọ òun."

Ìyá mi ń ro ọbẹ̀ rẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀rín músẹ́. Bàbá mi wá ní èmi ni òun yóò mú dání, kí n lè máa túmọ̀ ohun tí wọ́n bá ń sọ, bóyá ẹnìkan nínú sinimá náà á dárúkọ irú aṣọ tí wọ́n fi rán jákẹ́ẹ̀tì ọ̀hún. N kò sùn dáadáa títí ọjọ́ Àìkú fi pé.

Ọ̀rọ̀ náà kò dúró sílé wa. Ìyá àgbà kan wà lágbo ilé, opó tó ń ta ìlẹ̀kẹ̀, ó ní òun náà á bá wa lọ, pé òun gbọ́ pé òtútù ń pa àwọn ọmọ kan nínú sinimá náà. Àwọn ọ̀rẹ́ bàbá mi méjì láti mọ́ṣáláṣí tún dé. Wọ́n ní wọn kò ní jẹ́ kí ó dá nìkan lọ sí irú ibi bẹ́ẹ̀. Àwọn méjèèjì wọ agbádá ọdún wá.

Lẹ́yìn ìrun ọ̀sán ọjọ́ Àìkú ni a lọ. Ilé sinimá náà ní òrùlé páànù, ooru inú rẹ̀ sì tó láti fi yan àgbàdo. Bẹ́ǹṣì ló wà níwájú, àga onígi ló wà lẹ́yìn. Àwọn ọ̀dọ́ àdúgbò Kodjoviakopé ti kún gbogbo bẹ́ǹṣì iwájú. Wọ́n ti wò ó ní àìmọye ìgbà, wọ́n sì ti mọ ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ sórí. A rí bẹ́ǹṣì kan láàárín, àwa márààrún jókòó sórí rẹ̀. Ọkùnrin kan jókòó sẹ́yìn wa, ó wọ gíláàsì, ó so táì. Tíṣà ni, ọmọ Ifẹ̀ láti apá Atakpamé, èdè wọn sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jọ tiwa. Ó kí àwọn àgbà pẹ̀lú ọ̀wọ̀, bàbá mi sì súre fún un.

Bàbá mi mú ṣọ́ọ̀kì télọ̀ jáde nínú àpò. Mo ní, "Bàbá, kí lẹ fẹ́ fi ṣọ́ọ̀kì ṣe?" Ó ní òun fẹ́ ya jákẹ́ẹ̀tì náà kí òun má baà gbàgbé. Mo bi í pé orí kí ni. Ó wo ọwọ́ ara rẹ̀, ó rí i pé òun kò mú bébà dání. Bí wọ́n ṣe paná nìyẹn.

Ìlú kan ló jáde, ní ilẹ̀ Faransé, tí òjò ń rọ̀ sí láìdá, tí èéfín bo gbogbo ilé rẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin márùn-ún ń sáré lẹ́bàá odò, wọ́n gbé páálí sìgá tí wọ́n jí. Lẹ́yìn náà ni ọ̀gá wọn yọ láti inú òkùnkùn, pẹ̀lú jákẹ́ẹ̀tì lọ́rùn. Gbogbo àwọn ọ̀dọ́ iwájú dìde lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n na kọ́là ṣẹ́ẹ̀tì wọn sókè, wọ́n sì tún jókòó. Bí ẹ̀fúùfù ṣe ń ṣe oko ni.

Bàbá mi na ọrùn. "Síìpù ni lóòótọ́," ló wí. "Kọ́là yẹn, wọn ò rán an mọ́ ọn. Òun àti ara aṣọ, ìrẹ́pé kan ni. Apá rẹ̀ gùn jù. Ta ló rán nǹkan yìí?" Ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í yà á sórí orúnkún ṣòkòtò ara rẹ̀. "Ní kí ó yí ẹ̀yìn padà."

"Bàbá, kò lè gbọ́ wa."

"Mo mọ̀ pé kò lè gbọ́ wa. Kó ṣáà yí ẹ̀yìn padà."

Ṣùgbọ́n ọ̀gá náà kò yí ẹ̀yìn padà. Bó bá fẹ́ yí i, àwòrán á ti bọ́ sí ibòmíràn. Bàbá mi á kẹ́dùn bí ẹni tí ẹja já mọ́ lọ́wọ́.

Ìyá àgbà kò rí jákẹ́ẹ̀tì rárá. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ìta náà ló gbájú mọ́, ọ̀rẹ́ tímọ́tímọ́ ọ̀gá wọn, ọmọ tín-ín-rín kan tó ń húkọ́. Gbogbo ìgbà tó bá ti húkọ́ ni ìyá àgbà á ní, "Ẹ wá òrí, ẹ fi pa á láyà." Nígbà tí ìyá ọ̀gá wọn jáde, tó gbá ọmọ rẹ̀ létí, gbogbo obìnrin inú ilé sinimá pàtẹ́wọ́. Ìyá àgbà dìde dúró. Ó ní, "Fi kan kún un."

"Kí ni obìnrin náà wí?" ni bàbá mi bi mí.

Èyí rọrùn. Mo ní, "Ó ní bàbá rẹ̀ ò jalè rí."

"Ó kúkú sọ òótọ́," ni ọ̀kan nínú àwọn ọ̀rẹ́ bàbá mi wí. Àwọn tó gbọ́ Yorùbá ní ẹ̀gbẹ́ wa ti ń sún mọ́ wa báyìí. Obìnrin kan ní kí n jọ̀ọ́, kí n gbóhùn sókè. Orí mi wú.

Ibẹ̀ gan-an ni wàhálà mi ti bẹ̀rẹ̀. Faransé tí mo mọ̀ ni èyí tí tíṣà wa ń pè fún wa kọ sílẹ̀: màlúù ń fa ohun ìtúlẹ̀, bàbá ń fa tábà nínú ọgbà. Àwọn ọmọ ìta yìí kò mọ màlúù, wọn kò mọ ọgbà. Wọ́n ń gbé ọ̀rọ̀ mì, wọ́n ń pe owó ní ewébẹ̀. Ọmọ kan sáré wọlé, ó pariwo nǹkan kan, mo sì túmọ̀ rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí mo ṣe gbọ́ ọ.

"Ó ní àwọn adìyẹ ń bọ̀."

"Adìyẹ wo?" ni bàbá mi bi mí.

"Ṣé adìyẹ ni wọ́n wá jí ni?" ni ìyá àgbà bèèrè.

Ọlọ́pàá ló wọlé, wọ́n pọ̀. Gbogbo bẹ́ǹṣì wa yíjú sí mi. Mo gbọ́ tí tíṣà ẹ̀yìn wa ń húkọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe irú ikọ́ ti ọmọ inú sinimá. Láti ìgbà náà ni mo ti pinnu pé n kò ní túmọ̀ ohun tí kò yé mi mọ́. Ohun tó bá bá ojú mu ni màá máa sọ.

Ọmọbìnrin kan wá jáde. Ó ga, ó wọ ẹ̀wù òjò, ó di irun rẹ̀ sẹ́yìn. Òun àti ọ̀gá àwọn ọmọ ìta dúró lábẹ́ afárá, wọ́n ń sọ̀rọ̀ ní ohùn ìsàlẹ̀. Ìyẹn yé mi. Ìfẹ́ ni wọ́n ń sọ. Ṣùgbọ́n èjìká bàbá mi kan tèmi, àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ méjì láti mọ́ṣáláṣí sì na etí.

"Ta ni ọmọbìnrin yìí?" ni bàbá mi bi mí.

"Àbúrò rẹ̀ ni," ni mo wí. "Ọmọ ìyá rẹ̀. Ó ní kó máa bọ̀ nílé."

"Ọmọ dáadáa," ni ìyá àgbà wí.

Kò pẹ́ tí mo sọ bẹ́ẹ̀ tán ni wọ́n fẹnu kora lẹ́nu.

Mo ní, "Bí àwọn òyìnbó ṣe ń kíra wọn nìyẹn."

Wọn kò tètè fi ara wọn sílẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ iwájú ti ń ka ìṣẹ́jú àáyá sókè ní Faransé. Bàbá mi ní, "Ìkíni yìí gùn."

"Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ríra ni, Bàbá."

Lẹ́yìn mi, àga tíṣà ń dún wìì, wìì, bí ẹni pé ẹnìkan ń gbọ̀n lórí rẹ̀.

Irọ́ kì í dá rìn. Ọkùnrin kan tún jáde, ọ̀gá ẹgbẹ́ mìíràn láti òdìkejì odò, tó mọ́ tónítóní, tó dé fìlà. Ọmọbìnrin náà lòun náà ń fẹ́. Kí ni mo fẹ́ wí? Mo ní ọkùnrin tó fẹ́ gbé e níyàwó nìyẹn, pé ó wá tọrọ rẹ̀ lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Nígbà tí wọ́n fa ọ̀bẹ yọ síra wọn, mo ní ẹ̀gbọ́n kọ̀.

"Kí ló dé tó fi kọ̀?" ni ọ̀rẹ́ bàbá mi kan bèèrè. "Ọmọlúàbí ni ọkùnrin náà. Ó dé fìlà."

"Ìlara ni," ni ọ̀rẹ́ kejì wí. "Ọ̀lẹ kì í fẹ́ kí ilé ẹlòmíràn dúró."

Ìjà bẹ̀rẹ̀. Gbogbo ilé sinimá ń pariwo fún ọ̀gá oníjákẹ́ẹ̀tì. Bẹ́ǹṣì tiwa nìkan ló ń pariwo fún onífìlà. Àwọn ọ̀rẹ́ bàbá mi ti ká apá agbádá wọn sí èjìká. Bàbá mi, tó ní aṣọ lòun wá wò, ti dìde, ó ń ké sí onífìlà kí ó má gbà, pé ìyàwó rẹ̀ ni.

Ọmọkùnrin kan níwájú yíjú padà. Ó ní, "Papá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yìn ta lẹ wà?"

"Ẹ̀yìn ẹni tó fẹ́ gbéyàwó ní ọ̀nà tó tọ́," ni bàbá mi dá a lóhùn.

"Ìyàwó wo? Ọ̀dàlẹ̀ ni ọkùnrin yẹn. Òun ló ń tú àṣírí àwọn tó kù fún ọlọ́pàá."

"Wọ́n purọ́ fún ọ ni."

"Ẹ̀ẹ̀mẹfà ni mo ti wò ó, Papá."

"O lè wò ó ní ẹ̀ẹ̀mẹwàá. Ṣé o gbọ́ Faransé tó ọmọ mi ni? Kíláàsì sẹ́tífíkà ló wà."

Bí ọ̀rọ̀ náà ṣe kúrò lẹ́nu bàbá mi ni fíìmù já. Iná tàn. Gbogbo ojú inú ilé náà wà lára mi, ojú àwọn ará Kodjoviakopé, ojú àwọn obìnrin, ojú ẹni tó ń ta ẹ̀pà lẹ́nu ọ̀nà. Mo fẹ́ kí ilẹ̀ là. Àríyànjiyàn ti bẹ́ sílẹ̀ ní Mínà, ní Faransé àti ní Yorùbá, ẹnìkan sì ní kí wọ́n bi tíṣà tó wà lẹ́yìn, pé tíṣà kì í purọ́.

Tíṣà dìde. Ó tún táì rẹ̀ ṣe. Ojú rẹ̀ ti pọ́n, omi sì wà níbẹ̀. Ó wò mí, ó wo bàbá mi, ó wo orúnkún bàbá mi tó kún fún ṣọ́ọ̀kì. Ó wá fi èdè Mínà sọ̀rọ̀ kí gbogbo ènìyàn lè gbọ́.

"Faransé tí wọ́n ń sọ nínú sinimá yìí," ló wí, "nígbà mìíràn, àwọn ará ìlú wọn gan-an kì í gbọ́ ọ. Ẹ jẹ́ ká wò ó tán ná."

Wọ́n gbà. Nígbà tó fẹ́ jókòó, ó bẹ̀rẹ̀ sí etí mi, ó sì fi èdè Ifẹ̀ tirẹ̀ sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ pé, "Àbúrò, tìrẹ dùn ju tiwọn lọ. Ṣùgbọ́n wọ́n á tún fẹnu kora lẹ́ẹ̀kan sí i kó tó tán. Wá nǹkan tí o máa wí sílẹ̀."

Wọ́n ti so fíìmù pọ̀, wọ́n sì tún paná. N kò mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ fún bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá sí i, nítorí pé nǹkan tí màá wí ni mò ń wá. Nígbà tí ìfẹnukonu náà dé, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ ojú irin kan, mo la ẹnu, n kò rí ọ̀rọ̀ kankan sọ. Bàbá mi ló yíjú sí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀, ó rọra ní, "Wọ́n tún ń kíra." Mo wo ojú rẹ̀. Iwájú ló ń wò, kò mì.

Ohun tó kẹ́yìn ni ti ọmọ tó ń húkọ́. Ọlọ́pàá lé wọn gun orí òrùlé ilé iṣẹ́ kan, nínú òjò. Àwọn tó kù fò sí òdìkejì. Òun dúró, ikọ́ mú un, ó fi ọwọ́ di àyà, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì yọ̀. Kò sẹ́ni tó nílò ìtumọ̀ mi. Àwọn ọ̀dọ́ iwájú, tí wọ́n ti mọ̀ pé yóò ṣubú, tí wọ́n ti rí i tó ṣubú lẹ́ẹ̀mẹfà, gbé ọwọ́ lérí bí ẹni tí kò mọ̀. Bàbá mi ní, "Ìnnà lílláhì," gbogbo bẹ́ǹṣì wa sì gbè é lẹ́sẹ̀. Ìyá àgbà ní, "Mo sọ fún wọn nípa òrí." Mo gbọ́ èémí bàbá mi lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi tó ń já, mo sì mọ̀ pé ó ń sunkún. N kò rí i kó sunkún rí.

Ọ̀gá wọn sọ̀ kalẹ̀ láti orí òrùlé. Ọlọ́pàá ń bọ̀, ó lè sá, kò sá. Ó bọ́ jákẹ́ẹ̀tì rẹ̀, ó sì tẹ́ ẹ bo òkú ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ẹ̀yìn jákẹ́ẹ̀tì ló kọjú sí wa, ó nà gbalaja lórí ilẹ̀, gbogbo ojú rírán rẹ̀ hàn.

Bàbá mi fò dìde. "Ẹ̀yìn nìyẹn," ló wí, "ẹ̀yìn nìyẹn." Ó ń fi ọwọ́ kan nu ojú, ó ń fi èkejì wá ṣọ́ọ̀kì. Kó tó rí i, àwòrán ti bọ́ lọ sí ojú ọ̀gá náà nínú òjò, fíìmù sì tán. Bàbá mi dúró níbẹ̀ nígbà tí iná tàn. Ó ní, "Omijé ò jẹ́ kí n rí i dáadáa."

Ní ilé, nígbà tí a jẹun tán, ìyá mi bi í bí aṣọ ṣe rí. Bàbá mi kò sọ̀rọ̀ aṣọ. Ó bẹ̀rẹ̀ láti orí òjò, ó ń sọ ọ́ bọ̀ létòlétò, ti ìgbátí, ti adìyẹ, ti ikọ́. Nígbà tó dé abẹ́ afárá, ó dúró. Ó wò mí.

"Òun àti àbúrò rẹ̀ wá fẹnu kora lẹ́nu," ló wí. "Ọmọ rẹ ní bí àwọn òyìnbó ṣe ń kíra wọn nìyẹn. Ó ní ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ríra."

Ìyá mi gbé abọ́ sílẹ̀. Mo ti ń retí kóbókò. Èjìká ìyá mi bẹ̀rẹ̀ sí í mì, ó fi gèlè bo ẹnu, kò ràn án lọ́wọ́, ó sì fẹ̀yìn lé ògiri, ó ń rẹ́rìn-ín títí tí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Bàbá mi tiraka láti mú ojú le. Ó ní, "Ìwọ ọmọ yìí, ṣé o rò pé bàbá rẹ ò gbéyàwó rí ni?" Ibẹ̀ ni òun náà ti tú sẹ́rìn-ín, èmi náà sì tẹ̀ lé wọn, pẹ̀lú ìbẹ̀rù díẹ̀.

Ní Àtàláátà, bàbá mi dá lọ sí sinimá ní ìrọ̀lẹ́. Ó mú bébà dání lọ́tẹ̀ yìí, ó sì ní òun mú omijé mọ́ra títí jákẹ́ẹ̀tì fi balẹ̀. Kakí dúdú ló fi rán wọn. Ó gé apá wọn kúrú ju ti òyìnbó lọ, nítorí pé ó ní ẹni tó rán tàkọ́kọ́ kò mọ iṣẹ́. Akọ̀wé rélùwéè ló kọ́kọ́ gba tirẹ̀. Ó wọ̀ ọ́ lọ sí ibi iṣẹ́ nínú oòrùn ọ̀sán Lomé, ó fa síìpù dé ọrùn, òógùn bò ó, kò sì gbà láti bọ́ ọ títí ọ̀gá rẹ̀ fi pàṣẹ. Ẹni tó ní pupa ni gba dúdú, ó sì ní bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ló rí.

Ìyá mi ti sọ ohun gbogbo fún àwọn tí wọ́n jọ ń tajà. Ní ọjọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e, tó jẹ́ ọjọ́ ìkẹyìn sinimá náà ní Lomé, obìnrin mọ́kànlá ló tẹ̀ lé wa. Wọ́n fi mí sáàárín. Ìyá mi ní òótọ́ ni kí n sọ lónìí o. Mo ti bi àwọn ọmọkùnrin kíláàsì mi léèrè, mo ti mọ̀ pé ọlọ́pàá ni adìyẹ, mo sì túmọ̀ gbogbo rẹ̀ bó ṣe yẹ. Nígbà tí a dé abẹ́ afárá, mo gbé ojú sílẹ̀, mo ní, "Ó ní òun nífẹ̀ẹ́ rẹ̀."

"Ṣé ìyẹn nìkan ló sọ?" ni obìnrin kan tó ń ta àwo bi mí. "Ó pẹ́ lẹ́nu rẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ."

"Túmọ̀ rẹ̀ tán," ni àwọn yòókù wí. Mo túmọ̀ rẹ̀ tán. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí tí bẹ́ǹṣì fi ń mì, wọ́n ń lu ara wọn nítan, àwọn ọ̀dọ́ iwájú sì bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n jọ̀ọ́, kí wọ́n jẹ́ kí àwọn gbọ́ ọ̀rọ̀. Nígbà tí ọmọ tó ń húkọ́ ṣubú, àwọn obìnrin kan náà sunkún débi pé wọ́n ní láti yá ara wọn ní gèlè.

Ilẹ̀ kò tíì ṣú nígbà tí a jáde. Afẹ́fẹ́ òkun ń fẹ́, gbogbo wa sì gba àárín títì lọ sí Hanoukopé bí ẹni ń bọ̀ láti ibi ìgbéyàwó. Bàbá mi ń bọ̀ lẹ́yìn, òun àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ méjì, tí wọ́n ṣì ń sọ pé kò sí ohun tó burú lára onífìlà. Àwọn obìnrin wá bẹ̀rẹ̀ àríyànjiyàn tiwọn: nínú àwọn ọkùnrin inú sinimá náà, èwo ni ènìyàn lè fún ní ọmọ rẹ̀? Èyí tó ń ta àwo ní ọ̀gá ni, pé ọlọ́kàn rere ni, ẹgbẹ́ búburú ló bà á jẹ́. Òmíràn ní ọmọ tó ń húkọ́ ni, pé òun á tọ́jú rẹ̀ kó sàn. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í bá ara wọn jà lórí àna tí kò sí, wọ́n ń dúró láàárín ọ̀nà láti na ìka síra wọn, kẹ̀kẹ́ ń yà fún wọn.

Wọ́n bi ìyá mi.

"Ọ̀kan nínú àwọn ọlọ́pàá yẹn ni," ló wí. "Èyí tó sanra. Ó kéré tán, ó ní iṣẹ́ lọ́wọ́."

Wọ́n ní ọlọ́pàá kò sí nínú ìdíje. Ó ní, "Èmi kọ́ ló fi í sínú sinimá," ó sì ń rìn lọ níwájú wọn.